Àgbà ń lọ kí ọmọ: Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Houston sí Oklahoma

Tọkọtaya àgbàlagbà kan ni wọ́n jẹ́ aládùúgbò wa ní Houston níbí. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ìyàwó rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ kéré sí i. Oklahoma City ni ọmọbìnrin wọn ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Onígbàgbọ́ tọkàntọkàn ni wọ́n, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ń lọ. Àwọn òbí yẹn kì í ṣe ẹ̀sìn kankan ní tiwọn. Ìlú Ọ̀yọ́ ni bàbá àti ìyá tèmi wà, Alhaji àti Alhaja. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó bá ọkọ rẹ̀ wọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Òkèlérin, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń tọ́ ọmọ wọn. Ojú mi ló ṣe bí ìyá àti bàbá àgbà ṣe ń lọ kí ọmọ wọn nílùú méjèèjì, ó sì ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi.

Tó bá jẹ́ ti ọ̀nà, wọ́n ti fẹ̀yìn wa gbalẹ̀. Houston sí Oklahoma City tó bíi máìlì 450, bàbá yẹn ló sì ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Òfin Texas ni pé ẹni tó bá ti pé ọdún 79 gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ tún láísẹ́ǹsì gbà, kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò. Tó bá wá di ọdún 85, ọdún méjì-méjì ni á máa gbà á. Bí ojú bá ṣì ríran, kò sẹ́ni tó máa sọ pé àgbà ti gbó kọjá ọkọ̀ wíwà. Ìyàwó rẹ̀ á di búrẹ́dì àti èso sínú kúlà, wọ́n á gba I-45 dé Dallas, wọ́n á sì já sí I-35. Wọ́n á dúró tọ̀ níbi tó mọ́ tónítóní, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á tún gbéra.

Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju bíi kìlómítà 50 lọ, síbẹ̀ ọkàn wa kì í balẹ̀ títí wọ́n á fi pè wá pé àwọn ti dé. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe títì onílà méjì láti Ìbàdàn dé Ìlọrin. Apá Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ àti ti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin ti ṣáájú parí, ti àárín yìí ló ń fà nílẹ̀. Ojú títì tóóró yẹn ni àwọn tirela tó ń ti òkè ọya bọ̀ jọ ń dù pẹ̀lú Micra àti bọ́ọ̀sì, ẹ̀mí tó sì ti bá a lọ kò kéré. Bàbá mi kò wakọ̀ lọ síbẹ̀ mọ́. Dẹ́rẹ́bà kan tí wọ́n mọ̀ ní Owódé ló ń gbé wọn, wọn kì í sì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wọn lọ́nà.

Ẹ wá wo ẹrù. Àpótí kékeré kọ̀ọ̀kan ni aládùúgbò mi ń gbé, pẹ̀lú àpòòwé tí wọ́n fi owó àwọn ọmọ sí. Ìyá mi ní tirẹ̀, bùùtù Micra yẹn kì í gbà á: ẹ̀lùbọ́ inú àpò, iṣu, kẹ́ẹ̀gì epo pupa, àti adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ tó máa ké títí dé Tákìé. Lọ́nà, á tún ní kí wọ́n dúró ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní. Mo bi í nígbà kan pé ṣé kò sí ọjà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó ní, "Ṣé ọwọ́ òfo ni kí n fi wọ ilé àna mi?"

Kí bàbá mi tó sọ ẹsẹ̀ kejì kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ọkọ àbúrò mi á ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn ọmọ á ti máa pariwo "Bàbá Ọ̀yọ́ ti dé!"

Ní Oklahoma, hòtẹ́ẹ̀lì làwọn òbí ń dé sí. Ọmọ wọn ní yàrá tó ṣófo. Ìyá yẹn ló sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé àwọn kò fẹ́ dá wọn láàmú, pé ilé náà ní àsìkò àdúrà tirẹ̀, àwọn kò sì mọ ibi tí àwọn máa jókòó sí nígbà náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n á wà ní hòtẹ́ẹ̀lì títí àwọn ọmọ á fi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Kò sí ìjà láàárín wọn o, wọ́n fẹ́ràn ara wọn gan-an. Kì í sì í ṣe gbogbo ará Amẹ́ríkà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí.

Nílé àbúrò mi, búta kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fi ṣe nǹkan mìíràn, ti àlùwàlá Bàbá ni. Ọkọ rẹ̀ ló sún àga pálọ̀ kúrò kí àyè lè wà láti kọjú sí gábàsì. Bí Bàbá bá kírun Àsùbáà tán, á jókòó síbẹ̀, àwọn onílé á wá bá a pẹ̀lú Bíbélì àti ìwé orin fún àdúrà ìdílé. Ìyá mi á máa ṣe àmín. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kí Bàbá súre fún àwọn ọmọ, á ṣe é ní Lárúbáwá, á tún ṣe é ní Yorùbá, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn á sì fọwọ́ pa ojú bíi tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ kejì lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá bá wọn lọ. Ó ṣí fìlà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e lé orúnkún títí ìsìn fi parí.

Ìjọ kan náà mà ni! Ará Georgia ni Thomas Jefferson Bowen tó gbé iṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1855, ibẹ̀ náà sì ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1898. Lójú tèmi, inú agboolé wa ni ìyàtọ̀ yẹn ti wá. Ẹran Iléyá ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìrẹsì Kérésì ń bọ̀ ní Ọ̀yọ́, àwọn ọmọ kò sì mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ń rẹ àbúrò mi o, n kò ní purọ́. Ìdáná kì í tán títí wọ́n á fi lọ, nígbà mìíràn wọn kì í sọ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ti òyìnbó dára níbẹ̀ yẹn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ìwàásù kan tó ń wọlé báyìí. Ẹnìkan sọ fún àna mi pé kò yẹ kí ìrun máa wáyé nílé ọmọ ìjọ. Ó dá a lóhùn pé bàbá tó fún òun níyàwó kì í ṣe àlejò ní pálọ̀ òun. Mo gbádùrà fún un lórí fóònù lọ́jọ́ náà.

Ní báyìí, Bàbá ní ọ̀nà yẹn ti sú òun, pé títí wọ́n á fi parí títì, kí wọ́n máa kó àwọn ọmọ wá bá òun ní Ọ̀yọ́ nígbà ọlidé. Àna mi ti gbà. Alhaja sì ti ń wádìí kiri àdúgbò, ó ń wá ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tó sún mọ́ ilé wa, kí àwọn ọmọ má bàa pàdánù ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi.