Ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn tí mo kó server mẹ́jọ sínú ẹ̀rọ méjì

Server mẹ́jọ, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn, ló wà lábẹ́ ìtọ́jú mi nígbà kan, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń ṣe. Ọ̀kan wà fún ímeèlì, ọ̀kan fún fáìlì, ọ̀kan fún ètò ìṣirò owó àtijọ́ kan tí kò gbà láti ṣiṣẹ́ lórí ohunkóhun bí kò ṣe Windows XP. Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣọ́ wọn, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í lo tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára wọn. Iná lásán ni wọ́n ń jẹ.

Bí mo ṣe kó gbogbo wọn sínú ẹ̀rọ ńlá méjì nìyẹn. Server kọ̀ọ̀kan wá di VM (virtual machine), ìyẹn kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà gidi. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní hypervisor ló ń pín ẹ̀rọ náà: ó bu RAM fún tibí, ó ya àyè dísìkì sọ́tọ̀ fún tọ̀hún, VM kọ̀ọ̀kan sì gbà pé òun nìkan ló nilé. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. IBM ti gbé ètò irú rẹ̀ kan, VM/370, jáde fún kọ̀ǹpútà ńláńlá ní 1972. Lórí irú kọ̀ǹpútà x86 tó wọ́pọ̀ tí mò ń lò, ilé-iṣẹ́ VMware ti ń dá a bí ọgbọ́n láti 1999, ṣùgbọ́n ìgbà tí Intel (2005) àti AMD (2006) fi ìrànwọ́ rẹ̀ sínú chip gan-an ni ẹrù náà tó fúyẹ́.

Snapshot, ìyẹn yíya ipò tí VM wà lásìkò kan sílẹ̀ kí o lè dá a padà síbẹ̀, ni mo kọ́kọ́ nífẹ̀ẹ́ sí jù. Lálẹ́ ọjọ́ kan, update kan ba server ímeèlì jẹ́. Tó bá jẹ́ tàtijọ́ ni, ilẹ̀ ni ìbá mọ́ bá mi nídìí rẹ̀. Mo dá VM náà padà sí snapshot tí mo yà ní ìrọ̀lẹ́, kò sì pé ìṣẹ́jú méjì tó fi dìde. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ya snapshot káàkiri, tí mo sì ń pè é ní àdàkọ ìpamọ́ (backup) lọ́kàn mi. Àṣìṣe ńlá gbáà ni.

Tí o bá ya snapshot, dísìkì àtilẹ̀wá á dúró bó ṣe wà. Gbogbo ohun tí VM bá kọ lẹ́yìn náà á máa wọnú fáìlì tuntun kan. Fáìlì yẹn kò dá dúró, orí dísìkì àkọ́kọ́ ló gbára lé. Bí ìyẹn bá bàjẹ́, méjèèjì lọ nìyẹn. Ó sì ń dàgbà. Mo gbàgbé ọ̀kan sórí VM dátábéèsì fún oṣù mẹ́rin. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ó kún ibi ìpamọ́ tí VM mẹ́fà jọ ń lò, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì dúró pa lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí mẹ́sàn-án ni mo fi wá àyè tí mo lè fi da fáìlì náà pọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀. Nígbà tí server mẹ́jọ ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ọ̀kan bá kú, méje á ṣì máa ṣiṣẹ́.

Ti ààbò náà wà ńbẹ̀. Ní 2015, wọ́n rí àléébù kan tí wọ́n pè ní VENOM nínú QEMU, ètò kan tí wọ́n fi ń gbé VM ṣiṣẹ́, níbi tó ti ń ṣe bí ẹ̀rọ fulọ́pì dísìkì, ohun tí kò sẹ́ni tó ń lò mọ́. Ẹni tó bá ní àṣẹ nínú VM kan lè gba ibẹ̀ jáde sórí ẹ̀rọ tó gbé gbogbo wọn. Èmi kò jẹ́ kí VM tí aráàta ń wọ̀ àti èyí tó ní àṣírí nínú jọ wà lórí ẹ̀rọ kan mọ́.

Mo ti dá dátábéèsì padà sórí ẹ̀rọ tirẹ̀, nítorí bó bá ti ń kọ nǹkan sórí dísìkì kíkankíkan, ńṣe làwọn yòókù ń wọ́ bí ìgbín. Àwọn tó kù wà níbi tí mo kó wọn sí, ara mi sì balẹ̀ lórí wọn. Ti XP yẹn ni mo tilẹ̀ máa ń tọ́ka sí bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè: ẹ̀rọ tó ń gbé e tẹ́lẹ̀ ti kú, kò sí network fún un, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọjọ́ tí màá pa snapshot rẹ́ ni mo fi ń sọ ọ́ lórúkọ báyìí. Mo bá méjì nílẹ̀ láàárọ̀ yìí, ọjọ́ ọ̀kan ti pé, mo sì ti pa á rẹ́.