Ta Ló Dá Owó Ọkọ̀ Yìí?

Èbúté Mẹ́ta, alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Bàbá ti sùn. Wọ́n kán oògùn sí wọn lójú lónìí nílé ìwòsàn ojú kan lápá Marina, dókítà sì ní kí wọ́n sá fún ìmọ́lẹ̀ títí di ọ̀la. Ìdí nìyẹn tí mo fi pa gbogbo iná ilé, tí mo ń kọ èyí sórí fóònù nínú òkùnkùn. Oorun ò kun èmi. Ìbéèrè kan tí wọ́n bi awakọ̀ tó gbé wa láàárọ̀ ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn.

Ọdún mọ́kànlélógún ni bàbá mi fi wa táásì ní Èkó yìí, táásì aláwọ̀ ìyeyè onílà dúdú. CMS ni ibùdó wọn. Lọ́jọ́ Sátidé tí mo bá bá wọn jáde nígbà tí mo wà ní kékeré, ohun tí mo máa ń wò jù ni bí wọ́n ṣe ń ná owó ọkọ̀. Èrò á tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á dárúkọ ibi tó ń lọ. Bàbá á pe iye. Èrò á já a sí ààbọ̀. Bàbá á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, wọ́n á wo ẹrù ọwọ́ onítọ̀hún, wọ́n á wo bí ọ̀nà ṣe rí, wọ́n á wá ní, "Ó dáa, ẹ fi díẹ̀ lé e, ẹ wọlé." Ojú èrò ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó dá owó. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé aláboyún kan lọ sílé ìgbẹ̀bí, tí wọn ò gbà ju owó epo lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, orí fóònù ni mo ti pe ọkọ̀. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ ló gbé e wá. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kí Bàbá dáadáa, ó bá wọn ṣílẹ̀kùn. Bàbá jókòó tán, wọ́n ní:

"Ọmọ mi, èló ni Marina?"

"4,200 náírà ni, Bàbá. Ó ti wà lórí fóònù."

"Gba 3,500. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni."

"Bàbá, kì í ṣe èmi ni mo dá a o. Ẹ̀rọ ló dá a."

"Ẹ̀rọ tó wà níbo?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Èsì ni wọ́n ń retí.

Mo fẹ́ fèsì, mo sì dákẹ́. Mo mọ díẹ̀ nínú ìtàn náà. Ní 2014 ni Uber, áàpù tí a fi ń pe ọkọ̀, ti San Francisco dé Èkó. Ní 2016 ni Taxify tẹ̀ lé e láti Estonia, òun ló di Bolt ní 2019. Taxify ò tíì pé ọdún kan níbí tí Uber fi gé 40 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lára owó ọkọ̀ ní Èkó, ní oṣù Karùn-ún 2017, tí àwọn awakọ̀ sì tú jáde láti fi ẹ̀hónú hàn. Ilẹ̀ ṣú, owó jẹ́ iye kan. Ilẹ̀ mọ́, ó di òmíràn. Ẹni tó dá a ò wo ojú èrò, kò sì wo ojú awakọ̀. Ibo ni kí n wá sọ fún Bàbá pé onítọ̀hún wà?

Máàpù ní ká gba Adékúnlé bọ́ sórí Third Mainland Bridge. Bàbá ní ká gba Ìddó, ká gun Carter Bridge. Ọmọkùnrin náà wo ojú mi nínú díńgí, ó wo Bàbá, ó sì yà sí Ìddó nítorí ọ̀wọ̀ àgbà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú la fi rá pálá débi tí a ti ń wo Ìdúmọ̀tà lọ́ọ̀ọ́kán. Máàpù ló tọ̀nà. Mo rí ọwọ́ Bàbá lórí orúnkún wọn, wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń sọ pé gbogbo ohun tó jẹ́ tiwa ló sàn ju ti òkèèrè.

Inú gó-sílóò yẹn ni ọ̀rọ̀ ti wá jáde. Ọmọkùnrin náà na fóònù rẹ̀ sẹ́yìn kí Bàbá wò ó. Áàpù mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó bá kọ́kọ́ dún ló ń dáhùn.

"Èwo ni tiwa nínú wọn?"

"Kò sí, Bàbá. Mo ti ní tiwa méjì rí, mo ti yọ wọ́n."

Ó ní ọ̀kan nínú wọn kì í yọ owó púpọ̀ lára òun. Bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀, èèyàn gidi ló máa ń gbé fóònù, tó sì ń sọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n òun lè jókòó láti aago méje òwúrọ̀ títí di aago mẹ́wàá kí fóònù má dún rárá. Èyí tó ń lò báyìí ń gba ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí èrò bá san. Nínú 4,200 wa yẹn, ẹ ṣírò ohun tó kù, kí ẹ tó wá yọ owó epo. Kí wọ́n tó kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan ò tó 200 náírà. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti lé ní 480 ní Èkó. Kò sì padà sílẹ̀ mọ́.

Bàbá mirí. "Gáréèjì tí kò bá ní èrò, ọkọ̀ ò ní í tò síbẹ̀. Bí ọkọ̀ ò bá sì tò síbẹ̀, èrò wo ló máa wá?"

Mo ti ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ àlàyé lórí ìdí tí áàpù ìlú wa ò fi ń ta gbòǹgbò. Kò sí èyí tó yé mi tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá sọ bí àwọn márùn-ún ṣe dá ibùdó tuntun sílẹ̀ nígbà kan lẹ́bàá Ìdúmàgbò. Ẹnì kan á dúró síbẹ̀ láti àárọ̀, bóyá èrò wá tàbí kò wá. Lálẹ́, àwọn mẹ́rin tó ti lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn á dá owó jọ fún un, kó má baà lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ó tó oṣù mẹ́jọ kí èrò tó mọ ibẹ̀.

Owó alẹ́ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Owó tí ilé-iṣẹ́ òkèèrè ń ná láti fi gbé èrò ní pọ́ọ́kú títí ẹsẹ̀ èèyàn á fi mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ wọn, owó alẹ́ kan náà ni, àpò ni kò dọ́gba. Ní oṣù Karùn-ún 2019, Gokada, ọlọ́kadà orí áàpù tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó níbí, kéde pé àwọn rí mílíọ̀nù 5.3 owó dọ́là gbà lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò. Oṣù yẹn náà ni Uber ta ìpín ìdókòwò rẹ̀ fún gbogbo ayé, tó sì kó nǹkan bíi bílíọ̀nù 8.1 dọ́là nílé. Ta ló máa lè dá owó alẹ́ pẹ́ jù?

Síbẹ̀, ìrònú tiwa ni Gokada àti MAX, ọlọ́kadà orí áàpù mìíràn ní Èkó, rò. Wọ́n wò ó pé ọ̀kadà ni ará Èkó ń gùn bí ọ̀nà bá dí, wọ́n wá fún ọlọ́kadà ní akoto àti ẹ̀kọ́ ìwakọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2020, òfin ìjọba ìpínlẹ̀ lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Erékùṣù Èkó àti Mainland wà lára wọn. Mo rántí ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, bí èrò ṣe ń fẹsẹ̀ rìn lọ bọ̀ bí ẹni tó ń bọ̀ láti yídì. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà yíjú sí gbígbé ẹrù kiri. Mi ò sọ pé ọ̀kadà ò léwu o, mo ti rí ẹsẹ̀ tó ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń dá nǹkan ṣe fúnra wa ló parẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tó dùn mí jù ni ti inDrive. Òun ni áàpù tí èrò ti lè dárúkọ iye tó fẹ́ san, kí awakọ̀ náà pe tirẹ̀. Yakutsk ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní Rọ́ṣíà, níbi tí òtútù ti lè pa èèyàn: àwọn onítáásì ibẹ̀ gbé owó lérí lásìkò òtútù, àwọn ará ìlú sì kóra jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń kọ iye tí agbára wọn ká síbẹ̀. Àwa tí a ti ń ná owó ọkọ̀ kó tó di pé wọ́n bí mi, a ò rò ó. Owó àìgbọdọ̀-ná ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tiwa lọ kọ́, a wá ń ra ìwà ara wa lọ́wọ́ ará Yakutsk. Ọmọkùnrin náà sì sọ nǹkan kan tí mi ò rò tẹ́lẹ̀: nínú táásì Bàbá, èrò kan àti awakọ̀ kan ló ń nájà lójúkojú. Lórí fóònù, èrò kan ni, awakọ̀ mẹ́jọ ló ń du ú, ẹni tí ebi ń pa jù ló máa ń gbé e.

Mo fẹ́ kí tiwa wà. Mo fẹ́ ẹ gidigidi, kì í ṣe nítorí pé ọmọ ilẹ̀ wa ò lè rẹ́ awakọ̀ jẹ. Bó bá jẹ́ Yábà ni ẹ̀rọ náà wà, èèyàn á lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ láàárọ̀ kan, kó béèrè ohun tí Bàbá béèrè, kí ẹnì kan sì jáde wá dá a lóhùn.

A ṣe tán nílé ìwòsàn ní nǹkan bí aago kan. Bàbá ní kí n pe tiwa. Mo wá ọ̀kan sórí fóònù níbẹ̀, mo forúkọ sílẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ tó sún mọ́ wa jù, wọ́n kọ ìṣẹ́jú 17 sí i. Ti òkèèrè, ìṣẹ́jú 4.

"A ó dúró dè é," ni Bàbá wí.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì mọ́gáàdì. 17 di 19, 19 di 23. Oòrùn ti dé ibi tí a wà, omi sì ń dà lójú Bàbá nítorí oògùn náà. Wọ́n fa fìlà wọn wálẹ̀ bo ojú, wọn ò sọ pé kí n pe ìkejì. Èmi ni mo pè é.

Kò pẹ́ tó fi dé. Mo di Bàbá lọ́wọ́ mú wọnú ọkọ̀. Wọn ò béèrè iye tó jẹ́.