Omi ló ń pa òdòdó orí bàrándà mi

Okun o, gbogbo ilé. Láti oṣù Kejìlá tí ọyẹ́ ti dé sí wa ní Kàbbà níbí ni òdòdó hibiscus tó wà lórí bàrándà pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi ti ń ṣàìsàn, mi ò sì fẹ́ kó kú rárá torí ọwọ́ Mama mi ló ti wá, ẹ̀ka kan péré ni wọ́n gé fún mi lẹ́yìnkùlé wọn ní Ìsánlú, wọ́n fi náílọ́ọ̀nù wé ìdí ẹ̀, orí itan ni mo gbé e sí nínú mọ́tò títí mo fi délé.

Ewé ẹ̀ ń pọ́n, ó ń já, èyí tó kù rọ jọwọrọ. Mo ní òùngbẹ ni, ọyẹ́ mà ni, ètè àwa gan-an ń bó. Mo bá ń bomi sí i láàárọ̀, mo tún ń bu sí i lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ń le sí i.

Mama ló sọ fún mi lórí fóònù pé "ti ìka ẹ bọ inú iyẹ̀pẹ̀ yẹn ná, kó wọlé dáadáa." Òkè gbẹ o, àmọ́ ìsàlẹ̀ rin gbindingbindin, ó ń rùn bí àbàtà. Mo dojú ẹ̀ délẹ̀. Rọ́bà pénńtì ni mo gbìn ín sí, ihò kan ṣoṣo tó wà nídìí ẹ̀, gbòǹgbò ti dí i pa. Gbòǹgbò ìsàlẹ̀ ti dúdú, bí mo ṣe fọwọ́ kàn án báyìí èèpo ẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó wá ku nǹkan tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ láàárín. Ó dùn mí gan-an. Gbòǹgbò náà ń mí, tí omi bá ti gba gbogbo àyè atẹ́gùn mọ́ ọn lọ́wọ́ yóò rà, èyí tó bá sì ti rà ò lè fa omi mọ́, ìyẹn ni ewé fi ń rọ bíi ti ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ nígbà tó jẹ́ pé inú omi ló wà.

Mo gé gbogbo èyí tó dúdú dànù. Mo fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, èyí tó gbẹ dénú mo gé e, èyí tó ṣì tutù lábẹ́ èèpo mo dá a sí, àmọ́ mo gé e kúrú torí ìwọ̀nba gbòǹgbò tó kù ò lè bọ́ gbogbo ẹ̀. Mo fi irin gbígbóná lu ihò mẹ́fà sídìí rọ́bà, mo wá po ilẹ̀dú, yanrìn àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti gbẹ tó ti jẹrà pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo ìgbẹ́ adìyẹ tútù o, á jó gbòǹgbò.

Abẹ́ ewé tó kù tún ní kòkòrò funfun bí òwú, èèrà ń tò lọ tò bọ̀ nítorí omi dídùn tó ń ti ara kòkòrò yẹn jáde. Mo po ọṣẹ dúdú díẹ̀ mọ́ omi, mo fi àkísà nù ún lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ títí ó fi tán. Ibi tí oòrùn ọ̀sán ò ti ní pa á ni mo gbé e sí, ìka mi ló sì ń sọ ìgbà tí màá bomi sí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí nǹkan kan. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo rí ohun kékeré kan lójú ẹ̀ka, kò ju hóró ìrẹsì lọ, àwọ̀ ewé ni, mo jókòó tì í títí tíì mi fi tutù.

Nígbà tí òjò dé dáadáa ló tó yọ òdòdó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òdòdó ilá tàbí ti ìsápá, ẹ ti mọ bó ṣe rí, ẹbí kan náà ni wọ́n, òwú náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ kan péré ló máa ń lò kó tó pa dé, torí náà mo sáré ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí Mama. Wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní tí mo bá ń bọ̀ kí n gé ẹ̀ka kan dání fún àwọn, pé wọ́n ti wú èyí tó wà lẹ́yìnkùlé nígbà tí wọ́n ń mọ fẹ́ǹsì.