Yorùbá ni mo fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Kétu

Ọ̀pọ̀ oògùn tó ń pa koríko tí àwọn àgbẹ̀ ń lò ní Kétu wa ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ẹnubodè Nàìjíríà ló ń gbà wọlé. Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára ike rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré bí nǹkan míì. Àgbẹ̀ tó fẹ́ rà á, bó bá ti lọ sílé-ìwé, Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bí kò bá lọ, Yorùbá nìkan ló gbọ́. Èmi tí mo ń tà á ni gbogbo wọn ń wojú. Ìdí tí mo fi jókòó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, lẹ́yìn tí mo ti bímọ, tí mo sì ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ rìnrìn àjò lọ síbì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan lára oògùn náà, atrazine. Bí ẹ bá fọ́n ọn sóko àgbàdo, yóò pa koríko, yóò sì fi àgbàdo sílẹ̀. Ẹ̀wà kò lè fara dà á. Bẹ́ẹ̀, àgbàdo àti ẹ̀wà wà lára ohun tí àwọn èèyàn wa ń gbìn pọ̀ lóko kan náà. Wọ́n kọ irú ohun ọ̀gbìn tó wà fún sára ike, wọ́n sì kọ iye tí hẹ́kítà kan ń gbà. Ṣùgbọ́n kántì ni àwọn bàbá wa fi ń wọn oko, kántì 25 ló sì ń di hẹ́kítà kan. Bí mo bá ka Gẹ̀ẹ́sì yẹn tán, mo ṣì ní láti pín in sọ́nà 25 kí n tó lè sọ iye tí ẹnì kan máa bù sínú tánkì tó ń gbé kẹ́yìn.

Bàbá kan wá láìpẹ́ yìí. Mo sọ iye tí wọ́n máa bù fún wọn, wọ́n ní, "Ìyá Fọlá, ṣé ó dá ẹ lójú? Ẹni tó tà á fún mi lọ́dún tó kọjá ní kí n kàn máa fojú wọ̀n ọ́n ni."

"Ó dá mi lójú, bàbá. Ẹ wò ó níbí, ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nìyí."

Wọ́n gba ike náà, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n gbé e padà fún mi. "Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i." Mo kà á, mo sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá títí dé ibi tí wọ́n ti ní kéèyàn má jẹun, kó má mu sìgá nígbà tó bá ń fọ́n ọn. Wọn kò tíì gbọ́ apá yẹn rí.

Ní CEG, ìyẹn ilé-ìwé girama wa, láti kíláàsì àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì, Faransé sì ni wọ́n fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ rò ó wò: Yorùbá ni ọmọ ń sọ nílé, Faransé fúnra rẹ̀ kò tíì dá a lójú, inú Faransé yẹn ni wọ́n tún wá ń gbé Gẹ̀ẹ́sì bá a. Òfin ilẹ̀ wa ti 1990 ló fi Faransé ṣe èdè ìjọba, mi ò sì bá a jà, torí ó ń ṣe wá láǹfààní. Àmọ́ mo gba ìwé ẹ̀rí BEPC ti girama, mi ò sì lè ka ara ike oògùn kan ṣoṣo.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ tíṣà ní Ìmẹ̀kọ, lápá Nàìjíríà, ló tú Gẹ̀ẹ́sì náà palẹ̀ fún mi. (Lọ́dún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lórí ààlà ilẹ̀ wọn ní agbègbè wa, ló fi di pé ọmọ ilé kan náà ń lọ sílé-ìwé lédè méjì.) Wọ́n máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń ṣàlàyé. Wọ́n ní iṣẹ́ tí "ti" àti "ń" ń ṣe níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe wa, Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń yí ìrù ọ̀rọ̀-ìṣe náà padà láti fi ṣe é ni. Gbogbo ọdún tí mo lò ní CEG, kò yé mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Látìgbà náà ni mo ti ń rí ohun tí Yorùbá ti fún wa sílẹ̀. Ọmọ tó mọ e yàtọ̀ sí ẹ, tó mọ o yàtọ̀ sí ọ, ti ní ìyàtọ̀ tí Faransé ń béèrè létí rẹ̀. Ohùn tó ń gba imú jáde nínú Faransé, a ní tiwa. Kódà ogún lọ́nà mẹ́rin ni Faransé ń pe 80, bí ọgọ́rin tiwa gan-an. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kì í sọ èyí fún ọmọ ní kíláàsì?

Mi ò ní parọ́ pé ó rọrùn. "Ó" là ń pe ọkùnrin, òun là ń pe obìnrin, òun náà là ń pe àga. Faransé ní tábìlì jẹ́ obìnrin, bẹ́ẹ̀dì jẹ́ ọkùnrin, èèyàn kàn ní láti há a sórí ni. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ kọ́ ni wọ́n ṣe ń pè é, ahọ́n sì gbọ́dọ̀ kan eyín fún ohùn tí a kò ní. Ó tún ń rẹ ara. Ẹni tó ti nàró lọ́jà látàárọ̀, oorun ló ń wá ojú rẹ̀ lálẹ́. Bó o bá sì fi èdè náà sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ó ń sá lọ.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn òbí tó ti dá Yorùbá dúró nínú ilé kí ọmọ wọn lè gbọ́ Faransé dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Yorùbá ni mò ń bá Fọlá sọ láàárọ̀ lálẹ́. Bó bá kọ́ ohun tuntun nílé-ìwé, mo ní kó fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ibi tó bá ti ń kọsẹ̀, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni kò tíì yé e, Faransé tó há sórí kò sì lè bò ó mọ́lẹ̀.

Mo ti ń kọ ìtọ́ni oògùn kọ̀ọ̀kan sórí bébà lédè Yorùbá, mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Mo ń kọ ọ́ lọ́nà méjì, torí ɛ àti ɔ, dípò ẹ àti ọ, ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn àgbà tó ń kàwé lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n mi ń bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó lẹ̀ ẹ́. Atrazine ti wà lára ògiri báyìí. Glyphosate ló kàn, ìyẹn tí kò mọ àgbàdo yàtọ̀ sí koríko, tó jẹ́ pé kéèyàn tó gbin nǹkan ló yẹ kó ti fọ́n ọn.