Eérú tí ó sùn bí ògì

Ẹni tí ó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé bí ó bá sùn mọ́jú, tí a sì rọra da omidùn orí rẹ̀ kúrò, ohun tí ó kù nísàlẹ̀ a máa dì gbagidi. Ṣùgbọ́n bí a bá gbọn ike náà léraléra, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Bẹ́ẹ̀ ni eérú èédú ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mànàmáná ní Amẹ́ríkà pò mọ́ omi, tí wọ́n dà sínú adágún tí wọ́n fi erùpẹ̀ mọ ògiri yí ká. Hóró rẹ̀ kéré púpọ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì rí roboto, nítorí náà kì í di ara rẹ̀ mú dáadáa. Bí omi bá kún àárín àwọn hóró náà, tí ilẹ̀ sì mì tìtì, omi ni ẹrù gbogbo yóò bọ́ sí lórí, eérú náà yóò sì di ohun tí ń ṣàn.

Ní òru ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2008, ògiri adágún eérú ya ní Kingston, ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà. Eérú olómi tí ó lé ní bílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù tú jáde, ó bo ilẹ̀ bí 300 éékà, ó sì ya wọ odò Emory. Ilẹ̀ kò mì lóru ọjọ́ náà o. Eérú tí wọ́n ti ń kó léra láti ọdún pípẹ́, lórí ìpele kan tí ó rọ̀ bí ẹrọ̀fọ̀, wà lára ohun tí ó fà á.

Ìdí nìyí tí ọkàn mi kò fi balẹ̀ nípa àgbègbè New Madrid ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, níbi tí ilẹ̀ ti mì gidigidi láàárín ọdún 1811 sí 1812, tí iyanrìn abẹ́ ilẹ̀ fi ń tú jáde pẹ̀lú omi. Àwọn ilé iṣẹ́ mànàmáná bí Allen ní Memphis, tí wọ́n ti tì pa lọ́dún 2018, àti Shawnee nítòsí Paducah kó eérú sínú adágún létí odò ní àgbègbè yẹn. Òfin tí EPA, àjọ tí ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2015 sọ pé, nígbà tí ilẹ̀ bá dákẹ́, agbára ògiri gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 1.50 ohun tí ń tì í. Bí ilẹ̀ bá mì, 1.00 péré ni wọ́n béèrè, àti 1.20 níbi tí erùpẹ̀ ògiri fúnra rẹ̀ bá lè di omi. Lójú tèmi, 1.00 ti fún jù: agbára àti ẹrù dọ́gba, kò sì ṣẹ́ku ohunkóhun fún àṣìṣe ẹni tí ó wọn ilẹ̀.

Bí wọ́n tilẹ̀ fi ọ̀rá àti koríko bo adágún náà lórí, omi abẹ́ ilẹ̀ ṣì lè máa rin eérú náà láti ìsàlẹ̀. Bí mo bá ń gbé létí odò yẹn, ohun àkọ́kọ́ tí n ó béèrè ni bí omi ti ga tó nínú eérú náà lónìí, kí n tó béèrè bí ògiri rẹ̀ ti nípọn tó.