Ẹ wọn ọta kí ẹ tó gé bárẹ́lì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí yíyan kátíríìjì

Ẹ̀yin àbúrò, ìbéèrè kan ń bẹ tó ti sú mi í gbọ́: "Ẹ̀gbọ́n, èwo ló ń sáré jù?" Ẹni tó fẹ́ kó ìbọn bolt-action (èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣí, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ tì) jọ fún títa àmì, eré ló kọ́kọ́ ń bi ni. Kò tíì sọ irú ìdíje tó ń lọ. Kò tíì sọ ọta tó fẹ́ máa ta. Ó ti ra action (ara ìbọn tí bolt ń rìn nínú rẹ̀), ó ti san owó bárẹ́lì, ó wá ku orúkọ kátíríìjì tí wọn yóò fín sí i lára. Ẹni tó ra bàtà kó tó wọn ẹsẹ̀ ni.

Mo gbà pé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kó kátíríìjì jọ fúnra ẹni, torí náà n kò ní padà sí ìpìlẹ̀. Kí á kàn gbọ́ ara wa yé: bí mo bá ní ọta, òjé tó ń fò jáde ni mo ń wí. Bí mo bá ní kátíríìjì, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni, kéèsì onídẹ, primer tó ń dáná sí ẹ̀tù, ẹ̀tù àti ọta.

Èkíní, ìwé òfin ìdíje ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. F-TR, ẹ̀ka kan nínú ìdíje títa ọ̀nà jíjìn, kò gbà ju kátíríìjì .223 Remington àti .308 Winchester lọ. Bí ẹ bá gbé 6.5 Creedmoor débẹ̀, F-Open ni wọn yóò darí yín sí, níbi tí wọ́n ti ń gba ohunkóhun tí kò bá ju 8mm lọ, àwọn tó ń fi 7mm ta ọta wíwúwo yóò sì máa dúró dè yín. Benchrest (títa láti orí tábìlì) oní 100 àti 200 yáàdì ní tirẹ̀, 6mm PPC ló ń jọba níbẹ̀ láti àárín àwọn ọdún 1970, kéèsì kúkúrú bọ̀ǹbọ̀ tí wọ́n ń fi ọwọ́ kì bọ ìbọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdíje tí ẹ ó ti máa sáré láti ibì kan dé ibòmíràn, tí mágásíìnì gbọ́dọ̀ máa bọ́ ìbọn fúnra rẹ̀, òun náà tún ní òfin tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Màá dé ibẹ̀.

Èkejì, ẹ wo ojú bolt yín. Bolt ni irin tó ń ti kátíríìjì wọlé, ojú rẹ̀ ló sì ń di ìdí kéèsì mú. .308, .243, 6.5 Creedmoor, 6mm BR àti .284, gbogbo wọn ló ń lo ojú bolt 0.473 íǹṣì. Ẹni tó bá ní in lè pààrọ̀ bárẹ́lì láti èyí sí èkejì láìfọwọ́ kan bolt. .223 kéré sí i, PPC wà láàrin, àwọn mágínọ́ọ̀mù (kátíríìjì alágbára) sì tóbi jù ú lọ. Ẹ yan 0.473 tí ẹ kò bá ní ìdí pàtàkì láti ṣe ohun mìíràn. Tí kátíríìjì yín bá ń lo primer kékeré, bíi 6mm BR àti 6.5x47 Lapua, ẹ ní kí alágbẹ̀dẹ ìbọn wo ihò tí abẹ́rẹ́ tó ń lu primer ń gbà jáde lójú bolt. Bí ihò náà bá gbòòrò ju abẹ́rẹ́ lọ, ara primer yóò máa wú wọ inú rẹ̀, á sì máa lu nígbà mìíràn.

Ẹ̀kẹta, gígùn ọta ló ń pinnu twist, ju ìwúwo rẹ̀ lọ. Twist ni iye íǹṣì tí ọta yóò rìn nínú bárẹ́lì kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Ọta ọdẹ fífúyẹ́ ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí .243 Winchester jáde ní 1955, ìdí nìyẹn tí bárẹ́lì rẹ̀ tó wọ́pọ̀ fi jẹ́ 1:10 (íǹṣì mẹ́wàá fún yíyí kan). Ẹ fi ọta ìdíje 105 grain (grain ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọta) tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ihò gbọọrọ lórí bébà, torí ẹ̀gbẹ́ ni ọta fi wọlé. 6mm tó fẹ́ ta 105 sókè, 1:8 tàbí 1:7.5. 6.5mm tó fẹ́ ta 140, 1:8. .308 tó fẹ́ ta 155, 1:13 tàbí 1:12 ti tó o, ṣùgbọ́n 200 ń fẹ́ 1:10. .223 tó fẹ́ ta 80, 1:8. Tó bá di 90, 1:7. Bí iyèméjì bá wà, ẹ mú èyí tó yí kíákíá jù.

Ẹ̀kẹrin ni gígùn kátíríìjì, mo sì mọ̀ pé n kò ní dé ẹ̀karùn-ún, torí ibí yìí ni owó yín ti ń bọ́ sómi.

Ẹ jẹ́ ká mú .260 Remington àti 6.5 Creedmoor. Ọta kan náà ni àwọn méjèèjì ń ta. .260 jáde ní 1997, kéèsì .308 ni wọ́n fún lọ́rùn. Creedmoor ti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Hornady jáde ní 2007. Kéèsì .260 gùn tó 2.035 íǹṣì, ti Creedmoor jẹ́ 1.920. Lórí àtẹ tó ń fi eré ọta hàn, .260 ń gba ẹ̀tù díẹ̀ sí i, ó sì fi díẹ̀ yára jù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń pa ìwé dé.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọta 140 grain ti ìdíje gùn tó nǹkan bí 1.4 íǹṣì. Ìdí rẹ̀ tó tín-ín-rín lọ sẹ́yìn jẹ́ nǹkan bí 0.18 nínú rẹ̀. Ibi tó yẹ kí ọta jókòó sí ni kí ara rẹ̀ tó kún parí níbi tí ọrùn kéèsì ti pàdé èjìká, kí ìdí tín-ín-rín yẹn nìkan wọ inú ẹ̀tù. Ọrùn Creedmoor jẹ́ nǹkan bí 0.285. Ẹ yọ ọ́ nínú 1.920, ó ku 1.635. Ẹ yọ 0.18, kí ẹ fi 1.4 kún un: 2.855. Mágásíìnì irú AICS fún short action (action kúkúrú) ń gba nǹkan bí 2.86. Ó wọ̀ ọ́ bí ìbọ̀wọ́. Ó yá, .260: ọrùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.26. 2.035 yọ 0.26, ó ku 1.775. Ẹ yọ 0.18, kí ẹ fi 1.4 kún un: 2.995. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò ju nǹkan bí mìlímítà mẹ́ta àbọ̀ lọ. Òun ló ń ba ìbọn olówó gọbọi jẹ́.

Bó ṣe máa ń lọ rè é. Ẹni náà yan .260 nítorí eré. Ó lọ bá àgbà kan tó ń ta 1000 yáàdì lórí tábìlì, àgbà náà sì júwe reamer tòun fún un (irin tí wọ́n fi ń gé chamber, àyè tí kátíríìjì ń jókòó sí nínú bárẹ́lì), èyí tí freebore rẹ̀ gùn. Freebore ni ojú ọ̀nà tí kò ní ìlà, láti ẹnu ọrùn chamber títí dé ibi tí ìlà bárẹ́lì, èyí tó ń yí ọta, ti bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ràn àgbà náà kò burú fún àgbà náà, torí ọwọ́ ló fi ń ki kátíríìjì bọ ìbọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Alágbẹ̀dẹ gba reamer, ó gé chamber náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó gé e. Wọ́n gbé ìbọn dé pápá, wọ́n fi kátíríìjì oní 2.995 dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ihò ọta ń wọnú ara wọn. Gbogbo ènìyàn yọ̀. Ọjọ́ ìdíje dé, ọta mẹ́wàá láàrin ìṣẹ́jú kan àbọ̀, láti inú mágásíìnì. Kátíríìjì kò wọ mágásíìnì. Bolt náà kò ṣe nǹkan kan, bárẹ́lì kò ṣe nǹkan kan, imú ọta ló ń fẹnu ko ògiri àpótí.

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu nìyẹn. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni kí wọ́n ti ọta wọlé sí i títí kátíríìjì yóò fi di 2.85. Ó wọ mágásíìnì lóòótọ́. Àmọ́ ara ọta tó kún ti kọjá ọrùn lọ sínú kéèsì, ó ti gba àyè ẹ̀tù, eré tí wọ́n tìtorí rẹ̀ yan .260 sì ti lọ. Ìwọ̀n ẹ̀tù àtijọ́ kò tún ṣeé lò bẹ́ẹ̀ mọ́, torí nígbà tí àyè bá dín kù nínú kéèsì, agbára ìtì inú chamber á lọ sókè. Lẹ́yìn èyí, ọta ní láti fo nǹkan bí 0.145 íǹṣì kó tó bá ìlà pàdé. Àwọn ọta kan wà tí fífò kì í dà láàmú. Ọta irú VLD, tí imú rẹ̀ gùn tí ó sì mú, kì í sábà fara mọ́ ọn, ihò tó ń wọnú ara wọn lánàá yóò fọ́n ká bí àgbàdo tó dà sílẹ̀.

Èkejì tí wọ́n máa ń gbèrò ni ọta tó kúrú, 120 tàbí 123. Imú rẹ̀ tún wá jìnnà sí ìlà ju ti 140 lọ. Ẹ̀kẹta ni mágásíìnì tí wọ́n yọ irin pẹlẹbẹ iwájú rẹ̀ kúrò, èyí tó ń gbà tó nǹkan bí 2.95. Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́, kò sì tó fún 2.995. Kódà ká ní ó tó, ẹ gbìyànjú láti yọ kátíríìjì tí ẹ kò tíì ta jáde nínú short action: imú ọta yóò fi ara kọ́ etí ojú ihò ìtújáde, òjé á há, aago ìdíje á sì máa ka lọ.

Ohun tó kù ni kí wọ́n gbé bárẹ́lì padà sórí ẹ̀rọ. Ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa níbí o. Freebore tó kúrú ṣeé fi kún: alágbẹ̀dẹ á ki reamer kékeré tó ń gé iwájú nìkan bọ̀ ọ́, á gé e díẹ̀díẹ̀, á máa fi kátíríìjì yín wò ó. Èyí tó gùn jù kò ní àtúnṣe kúkúrú, ẹnikẹ́ni kì í lẹ irin padà sínú bárẹ́lì. Wọ́n ní láti gé ìdí bárẹ́lì kúrò, ó kéré tán ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ fi dín freebore kù, kí wọ́n tún èjìká bárẹ́lì rọ, kí wọ́n fa okùn ìdè rẹ̀ síwájú, kí wọ́n fi reamer mìíràn gé chamber lákọ̀tun. Owó iṣẹ́ méjì lórí bárẹ́lì kan. Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n sì máa ń dá lẹ́bi! Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí lọ́kàn. Ẹni tó gé ohun tí ẹ ní kó gé, kí ló ṣẹ̀?

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan irin, ẹ ṣe kátíríìjì òkú. Ẹ mú kéèsì irú èyí tí ẹ ó máa lò gan-an, tí ẹ ti fi die (irin tí wọ́n fi ń tẹ kéèsì padà sí ìwọ̀n rẹ̀) tẹ̀ ní gbogbo ara rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ní primer, kò gbọdọ̀ ní ẹ̀tù. Ẹ ti ọta yín wọlé títí gígùn rẹ̀ yóò fi jẹ́ èyí tí mágásíìnì gbà, kí ẹ dín nǹkan bí 0.02 kù kí imú rẹ̀ má baà máa ha ògiri. Ẹ ki mẹ́ta irú rẹ̀ bọ mágásíìnì, kí ẹ fi àtàǹpàkò tì wọ́n wò. Tí ara ọta tó kún bá ti kọjá ọrùn wọ inú, kátíríìjì yẹn kò yẹ action yín nìyẹn, ẹ wá òmíràn. Tí kò bá kọjá, ẹ fi méjì lára wọn ránṣẹ́ sí alágbẹ̀dẹ, kí ẹ ní kí freebore tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ẹ bá ń wọn nǹkan lọ́wọ́, ẹ fi micrometer wọn ọrùn kátíríìjì òkú náà níbi tí ọta wà. Ọrùn chamber gbọ́dọ̀ fẹ̀ jù ú lọ ní 0.003 tàbí 0.004 íǹṣì. Bí tiyín bá jẹ́ 0.291, chamber 0.294 ti dára. Àwọn kan ń pàṣẹ ọrùn fífún nítorí wọ́n gbọ́ pé àwọn oní benchrest ń ṣe é, wọn kò sì gbọ́ pé àwọn yẹn ń fá ọrùn kéèsì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ọrùn kéèsì kò bá ráyè fẹ̀ láti tú ọta sílẹ̀, agbára ìtì yóò ga débi tó lè fọ́ ìbọn mọ́ ojú ẹni tó mú un. Mi ò fi eléyìí ṣàwàdà.

Eré ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ owó orí rẹ̀. Ẹ̀tù púpọ̀ tó ń gba ihò tóóró kọjá ló ń jó iwájú chamber. Àwọn tó ń ta a ń retí nǹkan bí ọta 5,000 lára bárẹ́lì .308, 2,000 sí 3,000 lára 6.5 Creedmoor, àti nǹkan bí 1,000 péré lára 6.5-284 tí wọ́n fi ń díje. Bí ibẹ̀ ṣe ń jó, ìlà ń sún síwájú, freebore ń gùn fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ki kátíríìjì bọ ìbọn lè máa fa ọta síta tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń lo mágásíìnì kò ní ibi tí yóò fà á sí, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí freebore tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní kúkúrú, kí ó sì yan ọta tí fífò kì í yọ lẹ́nu.

Bí bárẹ́lì bá ti dé, ẹ yọ abẹ́rẹ́ àti ejector (èyí tó ń ti kéèsì jáde) kúrò lára bolt. Ẹ ki kátíríìjì òkú bọ̀ ọ́, kí ẹ ti bolt síwájú, kí ẹ fi ìka kan péré gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Tó bá jábọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ọta kò tíì kan ìlà. Tó bá ń lẹ̀, tó ń fẹ́ kí ẹ tì í, ọta ti kàn án. Ẹ máa ti ọta wọlé ní 0.002 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ bolt yóò fi máa jábọ́ fúnra rẹ̀. Gígùn tó jábọ́ sí yẹn, ẹ kọ ọ́ sí ara kátíríìjì òkú náà pẹ̀lú orúkọ ọta àti ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ dì í sínú àpò die yín. Lẹ́yìn 500 ọta, ẹ tún un wọ̀n.