Mo lọ mu kọfí ní Nagoya, rédíò bàbá mi ni mo bá ńbẹ̀

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, èmi kì í ṣe ẹni tó ń mu kọfí. Nílé wa n'Ìbàdàn, tíì ni gbogbo ẹ̀ ń jẹ́, Milo ni o, Bournvita ni o, Lipton ni o, kódà Nescafé tá a máa ń mu tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tíì náà ni. Torí ẹ̀, nígbà tí àbúrò mi tó ń kàwé ní Jàpáànì ní "Bọ̀ọ̀dá mi, tó bá di àárọ̀ ọ̀la ẹ jẹ́ ká lọ jẹ mooningu," mo bi í pé irú oúnjẹ wo nìyẹn. (Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo fi lọ kí i o, mi ò já pa, ẹ má pè mí láti yáwó.)

Ó ní mọ́nìn tí òyìnbó ń pè láàárọ̀ náà ni, àwọn ará Nagoya ló sọ ọ́ di oúnjẹ. Tó o bá ti ra kọfí kan láàárọ̀, wọ́n á fi búrẹ́dì yíyan àti ẹyin sísè lé e lọ́fẹ̀ẹ́. Bí mo ṣe gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí, mo ti ń wá bàtà.

Kissaten ni wọ́n ń pe irú ilé kọfí àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Àtijọ́ tí wọ́n ń sọ yìí, ìgbà Showa ni, ìyẹn ìgbà ọba wọn Hirohito, láti 1926 títí wọ oṣù kìíní 1989, torí orúkọ ìgbà ọba ni wọ́n fi ń ka ọdún níbẹ̀, bí àwọn àgbà tiwa náà ṣe máa ń sọ pé láyé ọba lágbájá ni wọ́n bí mi. Àwọn ọ̀dọ́ wọn ti wá fẹ́ràn ẹ̀ débi pé àwọn kan ń kọ́ ilé kọfí tuntun, wọ́n á wá ṣe é kó rí bí èyí tó ti gbó. Èyí tá a lọ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó ní tiẹ̀. Àga tí wọ́n fi àrán pupa bò, ibi tí ìdí èèyàn ń kàn lára àrán yẹn ti pá. Òórùn sìgá ti wọ ògiri lára. Fóònù pínǹkì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gbowó, èyí tí wọ́n máa ń fi ìka yí nọ́ńbà ẹ̀, tó ń jẹ kọ́ìnsì yẹ́ẹ̀nì 10. Tébù wa, gíláàsì ló wà lójú ẹ̀, mo bẹjú wo abẹ́ gíláàsì, tẹlifíṣọ̀n ni mo rí! Géèmù ni o. Nígbà tí Space Invaders jáde lọ́dún 1978, irú tébù yìí ló kún ilé kọfí wọn, èèyàn á máa sọ yẹ́ẹ̀nì 100 sínú ẹ̀ ṣáá. Tiwa ti kú, àwo ẹyin ni mo gbé lé e lórí.

Bàbá àgbà kan ló ni ṣọ́ọ̀bù, gbogbo èèyàn ń pè é ní "Masutaa". Mo ní ṣé máásítà náà ni, àbúrò mi ní òun náà ni. Ibẹ̀ ni mo ti wá rí i pé àwọn èèyàn yìí ń ṣe èdè òyìnbó bá a ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́, wọn ò lè jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì fara kanra láìti fáwẹ̀lì bọ àárín. A ní mílíìkì, wọ́n ní miruku. A ní súkúù, wọ́n ní sukuuru. A ní bọ́ọ̀sì, wọ́n ní basu. Ẹ̀rín pa mí débi tí obìnrin tó wà ní tébù kejì fi yíjú wò wá.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe se kọfí ọ̀hún. Gíláàsì roboto kan wà nísàlẹ̀ tómi wà nínú ẹ̀, òmíràn wà lórí ẹ̀ tí kọfí lílọ̀ wà nínú tiẹ̀, iná sípírítì kékeré wá ń jó lábẹ́. Ìgbà tó gbóná dáadáa, omi gòkè! Mi ò purọ́, ooru ló tì í, ó gba inú ọ̀pá tín-ínrín kan gòkè lọ bá kọfí. Masutaa fi igi pẹlẹbẹ rò ó jẹ́jẹ́ bí ẹni ń po ògì ọmọ tuntun, ó wo aago ọwọ́ ẹ̀, ó yọ iná kúrò, nígbà tó ṣe díẹ̀ kọfí bá sọ̀ kalẹ̀ gììrì sí ìsàlẹ̀, èérí ẹ̀ jókòó sókè bí ebè iṣu. Yẹ́ẹ̀nì 500 ni wọ́n gbà, mo ní tí wọ́n bá ń ta ìran yẹn nìkan màá sanwó.

Ó korò bí agbo ibà ṣá. Mo da miruku wọn sí i.

Wọ́n ní Ichinomiya, ìlú aláṣọ híhun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nagoya, ni ẹyin ọ̀fẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1950. Ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ ò jẹ́ káwọn oníṣẹ́ àtoníbàárà gbọ́ra wọn, ni wọ́n bá ń lọ dúnàádúrà nílé kọfí, ni oníkọfí bá ń fi ẹyin àti ẹ̀pà ṣènì fún wọn. Àwọn ará Toyohashi ní irọ́ ni, àwọn làwọn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Èmi ò dá sí ìjà ẹbí, ẹyin ni mo jẹ.

Ọ̀rọ̀ wà lórí búrẹ́dì. Mo rí nǹkan pupa rúsúrúsú lórí ẹ̀ pẹ̀lú bọ́tà, inú mi dùn, mo ní ẹ̀wà àti búrẹ́dì dé Jàpáànì! Ẹ̀wà ni lóòótọ́. Ṣúgà ni wọ́n fi sè é. Mo gé e jẹ, ọkàn mi ń retí ata àti epo ẹ̀wà àgọ̀yìn, adùn ni ahọ́n mi bá pàdé, ẹnu mi dúró bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan ẹ̀ gbé. Mo jẹ ẹ́ tán o.

Ìgbà tí mo dìde láti lọ wẹwọ́ ni mo rí pẹpẹ kan tí wọ́n to nǹkan ìgbà yẹn sí, mo bá rí rédíò National kan, aláwọ dúdú, èyí tó ní ihò bíńtín bíńtín níwájú bí asẹ́, tí bọ́tìnnì ìyísíteṣọ̀n ẹ̀ tóbi bí ìdérí ìgò ọtí. Mo dúró. Rédíò bàbá mi nìyẹn. Gbogbo aago méje àárọ̀ ló wà létí wọn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ hó. Tí bátìrì bá ti fẹ́ kú, èmi ni wọ́n máa ń rán pé kí n lọ sá a sóòrùn lórí páànù adìyẹ, òun tún máa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì sí i. Ṣebí Jàpáànì náà ló ṣe é wá fún wa, orúkọ "Jàpáànì" nìkan tó kí ọlọ́jà fi gbówó lé e lọ́jà Dùgbẹ̀. Mo nawọ́ fẹ́ yí bọ́tìnnì ẹ̀ wò, Masutaa mi orí, ó fọwọ́ ṣe é pé kí n má fọwọ́ kàn án.

Mo pe màámi lórí WhatsApp, mo yí fóònù sí pẹpẹ. Wọ́n ní "Ẹ̀ẹ́n, rédíò bàbá yín! Wọ́n gbé e síbẹ̀ torí kí ni?" Mo ní wọ́n fi ń wò ni, àwọn èèyàn ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Mo ní tiwa ńkọ́, ṣé ó ṣì wà nínú yàrá ẹrù?

Wọ́n ní ọmọkùnrin kan tó ń fi ike pààrọ̀ ẹrù àlòkù ló gbé e lọ lọ́dún tó kọjá, ó fún àwọn ní abọ́ méjì. Ọ̀kan ti là.